Rufus, Ventoy tàbí Etcher? Bí a ṣe ń yan sọ́fítíwíà tí a ó fi ṣe fúláàṣì tó ń búùtù

Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti jáwọ́ nínú àtìlẹ́yìn fún Windows 10, ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń gbé láptọ́ọ̀pù lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà ní Òṣogbo, ì báà jẹ́ ní Ọláìyá, ì báà jẹ́ lọ́nà Ìgbọ̀nà: "Ẹ ò lè bá mi fi Windows 11 sí i?" Ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tòkunbọ̀ ni, kò sí Windows kankan lórí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà lè fẹ́ Linux, ètò ọ̀fẹ́ tí a lè lò dípò Windows. Fúláàṣì ni gbogbo wọn nílò, èyí tí kọ̀ǹpútà lè dìde láti orí rẹ̀. Sọ́fítíwíà tó ń ṣe irú fúláàṣì bẹ́ẹ̀ sì pọ̀, kálukú ló ń gbè sẹ́yìn èyí tí ọ̀gá rẹ̀ fi kọ́ ọ níṣẹ́. Èmi ò rò pé ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tó wà níwájú yín, ohun tí ẹ fẹ́ gbé lé e, àti iye détà tí ẹ ní lọ́wọ́ ló yẹ kó bá yín yàn án.

Ohun tí sọ́fítíwíà náà ń ṣe gan-an

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gba fáìlì ISO ti Windows sílẹ̀, èyí tí gbogbo Windows wà nínú rẹ̀ bí ẹrù tí a dì, tí wọ́n á kọ́pì rẹ̀ sórí fúláàṣì bí ẹni ń kọ́pì orin, tí wọ́n á kì í bọ láptọ́ọ̀pù, tí wọ́n á tàn án, tí kò sì ní sí nǹkan kan. Ìdí ni pé kọ̀ǹpútà kò mọ ohun tó ń jẹ́ ISO nígbà tó bá ń jí. Sọ́fítíwíà kékeré kan tó wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń jí i: UEFI ni ti tuntun, BIOS ni ti àtijọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ń lo UEFI, ohun tó ń wá ni ìpín kan tí wọ́n fọ́ọ́màtì sí FAT32 (ọ̀kan lára ọ̀nà tí a fi ń to fáìlì sórí dísìkì), tí fáìlì bootx64.efi wà nínú fódà Boot, tí fódà Boot náà sì wà nínú fódà EFI. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń lo BIOS, báìtì 512 àkọ́kọ́ lórí fúláàṣì ló ń kà, ibẹ̀ ló ti ń mọ ibi tó kàn. Iṣẹ́ tí a fẹ́ kí sọ́fítíwíà ṣe ni pé kó to ohun inú ISO síbi tí ẹ̀rọ yóò ti rí i.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé òun ló ń fi èyí tó mọ́ṣẹ́ hàn. FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4GB. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, fáìlì install.wim tó wà nínú ISO Windows 11 ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ máa fi èyí sọ́kàn bí a ṣe ń lọ, torí pé ibi tí sọ́fítíwíà kọ̀ọ̀kan gbà yọ nínú ọ̀rọ̀ 4GB yìí ni a ó fi mọ èyí tó wúlò fún Windows àti èyí tí kò wúlò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ láptọ́ọ̀pù náà dáadáa

Bó bá ṣì ń tàn, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ msinfo32 síbẹ̀, kí ẹ tẹ Enter. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "BIOS Mode" sí. Bó bá jẹ́ "UEFI" ni ẹ rí, GPT ni ẹ ó yàn tí a bá dé ibi tí a ti ń yan bí a ó ṣe pín fúláàṣì. Bó bá jẹ́ "Legacy", MBR ni. Orúkọ prósẹ́sọ̀ àti iye RAM wà lójú ibẹ̀ kan náà, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Bí láptọ́ọ̀pù náà kò bá tàn dé orí Windows mọ́, ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀: ọdún 2012 ni Windows 8 jáde, ẹ̀rọ tó bá sì gbé Windows 8 tàbí èyí tó tẹ̀lé e jáde látilé-iṣẹ́ ní UEFI.

Windows 11 ń béèrè RAM 4GB, ààyè 64GB lórí dísìkì, Secure Boot (ààbò tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ dìde láti orí sọ́fítíwíà tí a kò fọwọ́ sí) àti TPM 2.0 (ohun ààbò kékeré tó wà nínú ẹ̀rọ). Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó wà nígboro ni kò ní TPM 2.0, tàbí tí prósẹ́sọ̀ Intel wọn kò tó ìran kẹjọ. Rufus lè fo àwọn ìdènà wọ̀nyí, a ó dé ibẹ̀. Àmọ́ ọ̀kan wà tí kò sí sọ́fítíwíà tó lè fò ó: láti orí ẹ̀dà 24H2, Windows 11 kì í dìde rárá lórí prósẹ́sọ̀ tí kò mọ SSE4.2 àti POPCNT, àwọn àṣẹ kan tí prósẹ́sọ̀ àtijọ́ kò ní. Core 2 Duo wà lára wọn. Bí ẹnìkan bá gbé Core 2 Duo wá tó ní Windows 11 lòun fẹ́, ẹ sọ òótọ́ fún un. Linux Mint, ọ̀kan lára oríṣi Linux, yóò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, yóò sì yá ju Windows tó ń lò tẹ́lẹ̀ lọ, pàápàá tí ẹ bá bá a fi SSD rọ́pò dísìkì àtijọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ kan sì gbọ́dọ̀ wáyé láàárín ẹ̀yin àti ẹni tó ni ẹ̀rọ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun:

"Ẹ káàsán, mà. Ṣé àwọn fọ́tò àti ìwé yín wà níbòmíràn?"

"Ọmọ mi, inú ẹ̀ náà ni gbogbo ẹ̀ wà o. Ṣé wàá pa á rẹ́ ni?"

"Tí mo bá gbé Windows tuntun lé e báyìí, wọ́n á lọ o. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ kó wọn sórí nǹkan míràn."

Ẹ tún béèrè ọ̀rọ̀ BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó jẹ́ tuntun díẹ̀ ló ti ti dísìkì rẹ̀ pa láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀. Bí ẹ bá wọ inú BIOS lọ yí Secure Boot padà, Windows tó wà nílẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48. Ẹni tó bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé lè rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní aka.ms/myrecoverykey. Ẹ jẹ́ kó wá a jáde kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Láìsí i, ohun tó wà lórí dísìkì náà ti di àwátì.

Ìgbésẹ̀ kejì: fúláàṣì fúnra rẹ̀

8GB tó fún Windows, 16GB ló wù mí jù. Ẹni tó fẹ́ kó onírúurú ISO pọ̀ sójú kan, kó ra 32GB tàbí 64GB. Bí ẹ bá rí èyí tó jẹ́ USB 3.0, ẹ sanwó lé e. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti USB 2.0 máa ń hàn nígbà tí ẹ bá ń kọ nǹkan tó ju 5GB lọ sórí rẹ̀.

Ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Wọ́n á kọ 64GB sára rẹ̀, kọ̀ǹpútà pàápàá á ní 64GB lòun rí, àmọ́ 8GB ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí ẹ bá kọ kọjá ibẹ̀ yóò kàn pòórá ni, ìfisórí Windows á wá dákú sí àárín ọ̀nà pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé fáìlì kan bàjẹ́. Bí fúláàṣì bá jẹ́ tuntun lọ́wọ́ yín, ẹ dán an wò. Nínú Rufus, lábẹ́ "Show advanced format options", ẹ ó rí "Check device for bad blocks". Bí ẹ bá fi àmì sí i, yóò yẹ fúláàṣì náà wò, yóò sì fi ayédèrú hàn. H2testw náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí Windows, F3 ló sì ń ṣe é lórí Linux. Ó máa ń pẹ́ o. Ẹ fi í sílẹ̀ kó máa ṣe é lọ nígbà tí ẹ bá ń ṣe nǹkan míràn.

Gbogbo ohun tó wà lórí fúláàṣì náà ni yóò pa rẹ́. Ẹ kó tiyín kúrò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yan sọ́fítíwíà

Bó bá jẹ́ pé orí Windows ni ẹ ti ń ṣiṣẹ́, tí ẹ sì fẹ́ gbé Windows lé láptọ́ọ̀pù kan, ẹ mú Rufus. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Pete Batard ló kọ ọ́, ó ti wà láti ọdún 2011, ọ̀fẹ́ ni, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 2MB lọ. Kò ní kí ẹ gbé òun sórí kọ̀ǹpútà, ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́, yóò ṣí. Bó ṣe yanjú ọ̀rọ̀ 4GB ni pé ó fọ́ọ́màtì fúláàṣì sí NTFS tó lè gba fáìlì ńlá, ó wá dá ìpín kékeré kan sí ìparí rẹ̀ tó ń jẹ́ UEFI:NTFS. Ìpín kékeré yẹn ni UEFI ń rí, òun ló ń mú un lọ sínú NTFS. Rufus náà ló ń jẹ́ kí ẹ lè yọ ìbéèrè TPM, RAM àti àkáǹtì Microsoft kúrò. Orí Windows nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́ o, ẹ̀dà 4 rẹ̀ sì ń béèrè Windows 8 sókè. Ẹni tó ṣì wà lórí Windows 7, ẹ̀dà 3.22 ló máa lò.

Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ yín ni, tí láptọ́ọ̀pù oríṣiríṣi ń wọlé tó ń jáde, Ventoy ni ẹ ó fẹ́ràn. Ọdún 2020 ló jáde. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó fi í sórí fúláàṣì. Lẹ́yìn ìyẹn, ISO fúnra rẹ̀ ni ẹ ó máa kọ́pì sórí rẹ̀, bí ẹ ṣe ń kọ́pì fáìlì èyíkéyìí. Windows 10, Windows 11, Linux Mint, Ubuntu, gbogbo wọn lè wà lórí fúláàṣì kan náà. Tí ẹ bá fi sí kọ̀ǹpútà, orúkọ wọn á tò sílẹ̀, ẹ ó mú èyí tí ẹ fẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí BIOS àtijọ́, ó ń ṣiṣẹ́ lórí UEFI. exFAT ni ìpín ńlá rẹ̀, ọ̀rọ̀ 4GB kò sì dí i lọ́wọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé lórí ẹ̀rọ tí Secure Boot bá wà ní títàn, ẹ ó ní láti fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà nígbà àkọ́kọ́, nǹkan tó máa ń dẹ́rù ba ẹni tí kò rí i rí. Àwọn kan tún ti ráhùn pé àwọn fáìlì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti ṣe parí tẹ́lẹ̀, tí kò rọrùn láti yẹ ibi tí wọ́n ti wá wò. Fún iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, mo ṣì ń lò ó. Fún kọ̀ǹpútà báńkì tàbí ti ọ́fíìsì ìjọba, màá lo Rufus.

balenaEtcher rẹwà lójú, kò sì ṣòro: ẹ mú fáìlì, ẹ mú fúláàṣì, ẹ tẹ "Flash!", ó parí. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux, ó sì ń padà ka ohun tó kọ láti rí i pé ó pé. Ẹni tó bá ní Mac tó fẹ́ ṣe fúláàṣì Linux, òun ni kó lò. Àmọ́ ISO Windows kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí ISO bá ṣe rí gẹ́lẹ́ ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. ISO Linux ti wà ní ìpèsè fún irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀, ti Windows kò rí bẹ́ẹ̀. Etcher pàápàá máa ń kìlọ̀ fún yín. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀, tí wọ́n á máa bú fúláàṣì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó tún wúwo, ó ju 100MB lọ, nígbà tí Rufus jẹ́ nǹkan bíi 2MB. Mac tí ẹ bá sì fẹ́ fi ṣe fúláàṣì Windows, ẹ kúkú yá láptọ́ọ̀pù Windows lọ́wọ́ ará ilé yín.

Media Creation Tool wá láti ọ̀dọ̀ Microsoft fúnra wọn. Ó ń dín fáìlì install.wim ńlá yẹn kù, kí ó lè wọ FAT32, nítorí náà fúláàṣì tó bá ṣe máa ń dìde láìsí wàhálà Secure Boot. Ohun tó mú kí n má fẹ́ràn rẹ̀ ni détà. Gbogbo Windows náà ni yóò tún gbà sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe fúláàṣì, bí iná tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì já, ó lè ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í fo ìdènà kankan. Ẹni tó ní Wi-Fi tó lágbára àti láptọ́ọ̀pù tó kún ojú òṣùwọ̀n Windows 11, kó lò ó, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Ẹni tó ti wà lórí Linux kò nílò ohun púpọ̀. Linux Mint ní USB Image Writer tó ti wà nínú rẹ̀ láti ilé, Ubuntu náà ní Startup Disk Creator. Àṣẹ dd, tó ń kọ ISO sórí fúláàṣì, náà wà, àmọ́ kì í bi yín léèrè kó tó ṣe ohun tí ẹ ní kó ṣe. Bí ẹ bá kọ /dev/sda dípò /dev/sdb, dísìkì yín lè lọ. Ẹ kọ lsblk kí ẹ fi wo èyí tó jẹ́ fúláàṣì kí ẹ tó lo dd.

Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo tí ẹ ní ló kú ńkọ́? Èyí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ wa jù, àwọn ìtọ́sọ́nà kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ ra okùn OTG, ẹ fi so fúláàṣì mọ́ fóònù Android yín, kí ẹ gba EtchDroid sílẹ̀ láti Google Play tàbí F-Droid. Yóò kọ ISO Linux sórí fúláàṣì láti orí fóònù. Kì í ṣe ti Windows. Síbẹ̀, Linux Mint tó bá dìde láti orí fúláàṣì náà tó láti wọ inú dísìkì, kó àwọn fáìlì yín jáde, kí ẹ sì fi ibẹ̀ ṣe ohun tó kù.

UNetbootin, sọ́fítíwíà àtijọ́ kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ti ṣe tirẹ̀ nígbà kan. Mi ò rí ìdí tí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lónìí fi máa lò ó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ gbà á láti ilé rẹ̀

Ẹ má gba sọ́fítíwíà yìí láti orí fúláàṣì ẹlòmíràn. Èyí tó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ti wọ inú rẹ̀. Ilé Rufus ni rufus.ie, ti Ventoy ni ventoy.net, ti Etcher ni etcher.balena.io. Ìpolówó máa ń wà lójú ewé rufus.ie tó lè kọ "Download" gàdàgbà. Ẹ fò ó, kí ẹ lọ sísàlẹ̀ níbi tí wọ́n to orúkọ fáìlì sí. Tí ẹ bá ti gbà á sílẹ̀, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ fáìlì náà, ẹ wọ "Properties", ẹ wo "Digital Signatures". "Akeo Consulting" ni ẹ gbọ́dọ̀ rí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ míràn, tàbí tí kò sí orúkọ kankan, ẹ pa á rẹ́.

ISO Windows 11, láti ojú ewé Microsoft ni kí ẹ ti gbà á. Rufus pàápàá lè bá yín gbà á: ọfà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "SELECT" tó lè yí i sí "DOWNLOAD", ọ̀dọ̀ Microsoft náà ló sì ń mú un wá. Ó ju 5GB lọ, nítorí náà détà òru ló yẹ ẹ́. Ẹ gbà á lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Linux Mint ní tirẹ̀ kò tó 4GB.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já tó ń so lè mú kí ISO náà lábùkù láìjẹ́ pé ó hàn. Ẹ ṣí Command Prompt nínú fódà tó wà, kí ẹ kọ:

certutil -hashfile windows11.iso SHA256

Ẹ fi orúkọ fáìlì tiyín rọ́pò windows11.iso. Àmì gígùn tí yóò jáde ni kí ẹ fi wé èyí tó wà lójú ewé tí ẹ ti gbà á. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ISO náà kò pé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kọ ọ́ sórí fúláàṣì

Ọ̀rọ̀ iná ṣáájú. Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù ni ẹ ń lò, ẹ rí i pé bátìrì kún. Bó bá jẹ́ désíkítọ́ọ̀pù tí kò ní UPS, ẹ dúró de jẹnẹrétọ̀. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, fúláàṣì kì í sábà bàjẹ́, ẹ kàn máa tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ni.

Pẹ̀lú Rufus: ẹ ki fúláàṣì bọ̀ ọ́, kí ẹ ṣí Rufus. Ní "Device", ẹ wò ó dáadáa pé fúláàṣì yín ni, kì í ṣe dísìkì àfikún tí ẹ tún so mọ́ ọn. Ẹ yọ ìyókù kúrò kí ọkàn yín balẹ̀. Ẹ tẹ "SELECT", kí ẹ mú ISO. Ní "Partition scheme", ẹ mú GPT tàbí MBR gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹ rí nínú msinfo32. Ẹ fi "File system" sílẹ̀ bí Rufus bá ṣe mú un, ó mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ tẹ "START".

Bó bá jẹ́ Windows 11 ni, fèrèsé kékeré kan yóò yọjú. Ẹ ó rí ibi tí ẹ lè ti yọ ìbéèrè RAM 4GB, Secure Boot àti TPM 2.0 kúrò, ibi tí ẹ lè ti yọ àkáǹtì Microsoft, ibi tí ẹ lè kọ orúkọ ẹni tó máa lo ẹ̀rọ, àti ibi tí ẹ lè ti ní kí BitLocker má ṣe ti dísìkì pa fúnra rẹ̀. Ẹ mú èyí tí ẹ nílò nìkan. Bí ẹ bá yọ àkáǹtì Microsoft, ẹ má so láptọ́ọ̀pù náà mọ́ Wi-Fi títí ìfisórí Windows fi parí. Ẹ sì jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé Microsoft kò ṣèlérí àtúnṣe fún ẹ̀rọ tí kò kún ojú òṣùwọ̀n. Ó lè máa rí i gbà, ó sì lè dúró lọ́jọ́ kan.

Bó bá jẹ́ Linux ni, Rufus lè bi yín bóyá "ISO Image mode" tàbí "DD Image mode". ISO ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Bí kò bá dìde, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú DD.

Pẹ̀lú Ventoy: ẹ tú fáìlì zip rẹ̀, ẹ ṣí Ventoy2Disk.exe, ẹ mú fúláàṣì, ẹ tẹ "Install". Yóò bi yín lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá yín lójú. Tó bá parí, ìpín méjì ló máa wà lórí fúláàṣì: ńlá tí ẹ ó máa kó ISO sí, àti kékeré 32MB tó ń jẹ́ VTOYEFI, tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹ kọ́pì ISO sínú ńlá. Tí ẹ̀dà tuntun bá jáde, "Update" ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe "Install". "Update" kì í pa ISO yín rẹ́.

Ẹ má ṣàdédé fà á yọ o. Ẹ tẹ "Eject", pàápàá pẹ̀lú Ventoy, torí pé Windows lè sọ pé òun ti kọ́pì tán nígbà tí ìyókù ṣì ń lọ lábẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù dìde láti orí rẹ̀

Ẹ pa láptọ́ọ̀pù náà pátápátá. Ẹ ki fúláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ tàn án, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnì rẹ̀ léraléra lójú ẹsẹ̀. HP: Esc, lẹ́yìn náà F9. Dell: F12. Lenovo: F12, tàbí ihò kékeré Novo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Toshiba: F12. Asus: Esc. Acer: F12, àmọ́ ó lè jẹ́ pé ẹ ní láti kọ́kọ́ wọ BIOS pẹ̀lú F2, kí ẹ tan "F12 Boot Menu".

Bí Ventoy bá gbé ojú búlúù kan wá tó ń sọ pé "Security Violation", ẹ má fòyà. Ẹ tẹ "OK", ẹ tẹ bọ́tìnì kan nígbà tó bá béèrè, ẹ mú "Enroll key from disk", ẹ wọ VTOYEFI, ẹ mú fáìlì ENROLL_THIS_KEY_IN_MOKMANAGER.cer, ẹ tẹ "Continue", lẹ́yìn náà "Yes" àti "Reboot". Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó ṣe é fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.

Bí fúláàṣì kò bá hàn rárá, ẹ gbé e sí ojú ihò USB míràn. Bó ṣì kọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fi GPT ṣe é fún ẹ̀rọ tó ń lo BIOS àtijọ́, tàbí kí Secure Boot láptọ́ọ̀pù náà máa kọ ìfọwọ́sí tí kì í ṣe ti Microsoft gan-an. Ẹ wọ BIOS, kí ẹ wò bóyá ibì kan wà tí wọ́n kọ "Microsoft 3rd Party UEFI CA" sí, kí ẹ tàn án.

Èyí tó tún ń da ọ̀pọ̀ láàmú ni pé Windows á dìde dáadáa, àmọ́ nígbà tó bá yẹ kó fi dísìkì hàn yín, kò ní sí dísìkì kankan. Ẹ má tíì ní SSD ti kú. Lórí láptọ́ọ̀pù Intel ìran kọkànlá sókè, VMD, ètò Intel tó ń ṣàkóso dísìkì, ló sábà máa ń fa èyí. Ẹ lọ sí ojú ewé ilé-iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù náà, ẹ gba dráífà Intel Rapid Storage sílẹ̀, ẹ tú u, ẹ kọ́pì fódà rẹ̀ sórí fúláàṣì kan náà, kí ẹ wá tẹ "Load driver" lójú ibi tí dísìkì ti yẹ kó hàn. Yóò yọjú.

Nígbà tí Windows bá kọ́kọ́ pa ara rẹ̀ tó sì tún tàn lẹ́ẹ̀kan sí i, bó bá ní kí ẹ tẹ bọ́tìnì kan láti dìde láti orí fúláàṣì, ẹ má tẹ ohunkóhun. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ yóò tún bá ara rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: dídá fúláàṣì padà sí bó ṣe wà

Fúláàṣì Rufus tàbí Ventoy, ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ ó tún nílò rẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ fúláàṣì tí ẹ yá, tí ẹ fẹ́ dá padà, pàápàá èyí tí ẹ fi Etcher ṣe, ó ṣeé ṣe kí Windows sọ pé ó ti di kékeré, tàbí kó máa ní kí ẹ fọ́ọ́màtì rẹ̀. Kò bàjẹ́. Ẹ ṣí Rufus, ẹ mú fúláàṣì náà ní "Device", ẹ yan "Non bootable" ní "Boot selection", ẹ mú FAT32 tàbí exFAT, kí ẹ tẹ "START". Láàárín ìṣẹ́jú kan, gbogbo ààyè rẹ̀ á ti padà.